Màmá mi ló ń fi òórùn sínú mọ́tò mi

Màmá mi jẹ́ kí n bá mẹkáníìkì mi jà lórí ohun tí àwọn fúnra wọn ń ṣe.

Ó ti pẹ́ tí òórùn ọ́ìlì tó ń jóná ti ń yọ mí lẹ́nu nínú mọ́tò. Mallam Sani, mẹkáníìkì mi, á fọ ẹ́ńjìnnì, òórùn á lọ. Tó bá di ọjọ́ kejì, kí n tó dé ọjà Kure, ó ti padà.

Màmá á bo imú lẹ́yìn mọ́tò: "Ọkùnrin yẹn ń rẹ́ ọ jẹ."

Láàárọ̀ yìí mo lọ sọ ọ́ sí Mallam lójú. Kò bá mi fà á. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka nu orí ẹ́ńjìnnì.

"Wallahi, Madam, wannan ba man inji ba ne." Kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Òróró àdúrà ni, irú èyí tó wà lórí fìríìjì wa.

Mo délé, mo bi Màmá.

"Èmi ni. Àràárọ̀ ni mò ń dà á sí i tí o bá ń wẹ̀. Ọ̀nà Maikunkele tí ò ń gbà yẹn ń bà mí lẹ́rù."

"Ẹ wá ń bo imú?"

"Tí mo bá sọ, ṣé wàá jẹ́ kí n dà á?"

Mallam ti fọ ẹ́ńjìnnì, mo ti gbé òróró pamọ́, òórùn ti lọ. Màmá ní àwọn máa jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú pé òróró ló lé e lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n bá wọn ṣe àmín?