Ẹni tí Una rò pé ó wà lábẹ́ òkúta Ardvennich

Láti ọjọ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti pa àgọ́ sórí òkè Ardvennich ni oúnjẹ kò ti wọ Una MacVicar lọ́fun mọ́. Bí irin bá ti ha òkúta lókè lọ́hùn-ún, á gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ láì mu ún. Seonaid, ọmọ rẹ̀ obìnrin, rò pé ara àgbà ni. Kì í ṣe ara àgbà. Ẹ̀rù ni: ẹ̀rù pé wọn yóò hú egungun Lachie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, jáde níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ òkè yẹn ni wọ́n bí Una sí. Bàbá rẹ̀ ń da àgùntàn olówó tó ni ilé olódi orí òkè náà, ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ wọn. Nígbà náà ilé ọ̀hún ṣì dúró gbagidi, ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ lójú fèrèsé. Ìran tó ni ín ti jagun láti inú rẹ̀, wọ́n sì ti sá fún ogun wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun Hitler, owó tán lọ́wọ́ wọn. Ilé tí kò bá ní òrùlé kì í san owó orí fún ìjọba. Ni olówó ilé bá ṣí òrùlé kúrò bí ẹni ṣí fìlà lórí, ó kó lọ sí ìlú ńlá. Òjò wọlé, ògiri là. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí wọ́n fi ẹ̀tù wó o, kí ó má baà pa ènìyàn.

Àwọn àgbà àfonífojì ẹsẹ̀ òkè náà ní èèwọ̀ kan. Ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò kọ́ sókè iná, a kì í wó ilé lé e lórí. Òun ni ọkàn ilé. Bí wọ́n bá sin ín, iná àwọn tó jẹun nídìí rẹ̀ yóò kú. Olówó ilé kò rántí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò wó ilé náà, ìyá Una kò lè jókòó.

“Ẹ̀wọ̀n yẹn ṣì wà níbẹ̀! Ìdí iná yẹn ni mo ti ń yáná láti ìgbà tí mo ti wà ní wúńdíá.”

Lachie bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀wọ̀n àwọn olówó ló ń pa yín lẹ́kún? Ẹ jẹ́ n lọ mú un wá, kí ẹ lè rí nǹkan fi so mí mọ́lẹ̀.”

Ó dé fìlà, ó ń gun òkè lọ. Una, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí koríko gíga fi bò ó. Ní ọ̀sán, òkè fò sókè, ó sì jókòó padà. Eruku bo oòrùn. Lachie kò padà wálé.

Àwọn tó yin ẹ̀tù búra pé àwọn ti yí ilé náà ká, àwọn ti pariwo, àwọn kò rí ẹnì kankan. Ìyá gbá ọ̀rọ̀ náà mú. “Kánádà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí lọ ló lọ,” ló ń sọ fún gbogbo ayé, ohùn rẹ̀ sì le débi pé kò sẹ́ni tó jẹ́ já a ní koro. Una nìkan ni kò gbà. Lachie tí kì í lè jẹ ẹyin kan láì ròyìn rẹ̀, òun ni yóò lọ sí Kánádà láì kọ lẹ́tà? Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó sin ọkọ, kò fẹsẹ̀ tẹ òkè náà. Bí àgùntàn rẹ̀ bá ṣìnà gba ibẹ̀, á fi í sílẹ̀ títí Tormod, aládùúgbò rẹ̀, yóò fi dà á wá.

Tormod yìí náà ló mú ìròyìn wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

“Una, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá wọn walẹ̀ yẹn ti ń hú ìgò ọtí. Èyí tí ọtí bá ṣì wà nínú ẹ̀, èmi ni mo ni ín o.”

“Ọ̀fun ẹ ló máa sin ẹ́, Tormod.”

“Kó tètè sin mí, kí òùngbẹ má baà sin mí ṣáájú.” Ó fa àga. “Ilé ìdáná ni wọ́n fẹ́ ṣí lónìí.”

Una dìde. Bí ó bá jẹ́ Lachie ni, kò yẹ kí ọwọ́ àjèjì kọ́kọ́ kàn án. Ó pe Seonaid, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Lachie fún un lójú ọ̀nà, wọ́n sì jọ gun òkè.

Rhona Lumsden, olórí àwọn awalẹ̀pìtàn, gbé àpótí fún un. “Ẹ rọra, Màmá, ilẹ̀ ń yọ̀.”

Wọ́n ń gbé òkúta, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku. Lójijì ọmọbìnrin kan ké: “Egungun!”

Una dìde lórí àpótí. Rhona kúnlẹ̀, ó wò ó pẹ́. “Ti màlúù ni. Ẹ wo ojú ọ̀bẹ lára rẹ̀. Ọbẹ̀ ni wọ́n fi sè.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan ìdí iná. Ẹ̀wọ̀n náà ń bẹ níbẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó ṣì há mọ́ ìkọ́ rẹ̀. Una figbe ta. Bí ẹ̀wọ̀n bá ṣì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀tù ti bá Lachie kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀! Ó wà lójú ọ̀nà, lábẹ́ òkúta tí wọn kò tíì gbé.

Seonaid ló ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún Rhona. Rhona dá gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ilé ìdáná láti ìta, òun ni wọ́n dojú kọ, òkúta kan tẹ̀ lé òkúta kan. Ojoojúmọ́ ni Una ń wá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ há sáàárín orúnkún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó o tán, Rhona wá bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Màmá, a ti kó ilé ìdáná àti ọ̀nà yìí kan àpáta. Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ mú ẹ̀wọ̀n yẹn, kò síbòmíràn tó lè gbà.”

Seonaid dì mọ́ ìyá rẹ̀. “Màmá, kò kú síbí! Kò wọ ibẹ̀ rárá! Ó lọ ni, bí ìyá àgbà ṣe wí. Ó lè ṣì wà láyé. Kò ṣòro láti wá ènìyàn mọ́ nísinsìnyí, a máa wá a.”

“Má wá a.”

“Kí ló dé, Màmá?”

Una ń wo koríko gíga ibi tí ẹ̀yìn Lachie ti wọ̀ lọ. Ó mọ̀ báyìí pé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun ti yà kúrò lọ́nà, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

“Lachie tí mo rò pé ó kú, ó ń bọ̀ wálé nígbà tó kú,” ni Una wí. “Èyí tó wà láàyè yìí, mi ò mọ ohun tí a ṣe fún un tó fi lọ. Bí a bá rí i, ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọ ọ́ fún wa.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ká àgọ́ wọn. Ìyá àti ọmọ sọ̀kalẹ̀, ìyá ló wà níwájú.