Ewé tí Màámi Mu

Ìyá ará Íńdíà kan tó ń ta èròjà ọbẹ̀ ní Oxon Hill, ní Amẹ́ríkà níbí, ló fún mi ní ewé náà. Dókítà ti rí òkúta nínú àpò òróòro mi, ó ní kí n wá mú ọjọ́ tí wọn yóò fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Mo ṣáà ń mi orí bíi pé ó yé mi. Ìwé mi ò pọ̀, ojú sì máa ń tì mí láti bi èèyàn ní ìbéèrè. Nígbà tí mo délé, mo ki bébà tí dókítà fún mi bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. N kò sọ fún Àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

Ìyá yẹn ní nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn, Àyúfédà, iná inú tó ń mú oúnjẹ dà ló máa ń kú kí òróòro tó dì. Kí n jáwọ́ nínú díńdín àti ẹran pupa, kí n máa mu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí mo bá jí, kí n máa jẹun kí oòrùn tó wọ̀, kí n sì máa fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n bu àtalẹ̀ pupa lílọ̀ fún mi, pẹ̀lú ewé gbígbẹ kan nínú ọ̀rá.

Bí ewé náà ṣe hó lórí sítóòfù, mo dá òórùn rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀yìn-olobe ni. Òun ni Màámi ń sè mu ní Ìbàdàn nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn wọ́n, títí ẹyinjú wọn fi pọ́n bí ìyeyè. Ibà apọ́njú ni gbogbo ilé ní ó pa wọ́n. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n wà lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń dúró kí n bu tiwọn. N kò bojú wẹ̀yìn. Mo mu ún.

Oṣù méjì ni ara fi tù mí. Mò ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover láìdi ẹ̀gbẹ́ mú. Ni ààwẹ̀ bá dé. Ní ìṣínu ní mọ́sáláṣí, màmá àgbà kan ń ti àkàrà gbígbóná sí mi lọ́wọ́, n kò sì lè kọ̀ fún wọn. Mo jẹ mẹ́ta. Ìrun kò tíì parí tí ìrora ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti ká mi kò sórí ẹní.

Àǹtí mi, àbúrò Màámi, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Wọ́n fi mọ́tò gbé mi délé, wọ́n wọ kíṣìnì lọ bu omi, wọ́n rí ìkòkò tí mo sè sílẹ̀ de ìṣínu.

"Ta ló se èyí?"

"Èmi ni, mà. Torí òkúta inú mi ni."

"Òkúta wo?"

Mo lọ mú bébà wá, mo ní mo kàn ń mi orí fún dókítà ni. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"O mi orí fún dókítà bí alángbá, o wá lọ ń fi ewé lu òkúta! Òkúta mélòó lo ti fi ewé fọ́ rí?"

Mo rò pé wọn yóò da ìkòkò náà nù. Ilẹ̀ kíṣìnì ni wọ́n jókòó sí.

"Wọ́n ti fún ìyá ẹ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ nígbà yẹn," wọ́n ní. "Òkúta yìí náà ló ṣe wọ́n, kì í ṣe ibà. Ẹ̀rù bà wọ́n. Èmi ni mo lọ já ewé yẹn fún wọn. Mo ní kí wọ́n má lọ, pé á san."



Nígbà tílẹ̀ mọ́, a pe ọsibítù. Obìnrin tó gbé fóònù bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ní irú òkúta yìí rí. Mo ní Màámi. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Àǹtí mi na ọwọ́ láti gba fóònù, kí wọ́n bá mi dáhùn. N kò gbé e fún wọn.

Mo ní rárá, wọ́n ti kú, wọn ò lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni. Mo wá bi í pé ọjọ́ wo ló yá jù fún tèmi.