Ọ̀gá Tí Kì í Kàwé Dé Ìdí Oògùn

Bí ẹnìkan bá wúkọ́ nítòsí mi, ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ bisikíìtì n'Íkẹjà ni mo máa ń rántí. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, àrùn éèdì sì ń já gbogbo wa láyà.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀ tí mi ò lè tú kí n tún un tò. Ọ̀gá kàwé, síbẹ̀ ojo ni wọ́n. Lọ́sàn-án, ilé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lọ láti ka ọ̀rọ̀ àìsàn lórí ayélujára. Ìdajì wákàtí ni wọ́n ń rà. Ẹ̀rọ ń rìn bí ìgbín. Kí wọ́n tó ka àmì àìsàn tán, àsìkò wọn ti tán.

"Mẹkáníìkì, gbogbo àmì yẹn ló wà lára mi!"

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá?"

"Mi ò tíì débẹ̀."

Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí wákàtí kan gbáko lòun ń rà, ó sì ń kà á dópin.

Nígbà tí àwọn méjèèjì wá ń rù lóòótọ́, akọ̀wé ti mọ oògùn: aáyù àti oyin. Ó ní kí ni òun ń wá lọ sọ́sibítù? Ọ̀gá ò mọ oògùn kankan, wọ́n kàn ń gbọ̀n. Èmi ni mo fa ọ̀gá lọ sọ́sibítù. Éèdì ni lóòótọ́. Dókítà fún wọn lóògùn, ọ̀gá sì ń lò ó.

A ti sin akọ̀wé tipẹ́. Ọ̀gá ti hewú, wọ́n sanra. Láìpẹ́ yìí wọ́n pè mí: "Mẹkáníìkì, mo tún ti rí àmì kan o!"

Mo ní, "Ẹ kú oríire, sà. Ẹ má kà á kọjá ibẹ̀."