Ọjọ́ Ìkómọ Nínú Ìwé Ọjọ́ Ìbí

Ó ti rẹ̀ mí kí a tó kúrò ní Ifo láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà ní Mowe, ẹni tó ń bá wa ṣe ìwé tí ọmọ náà máa fi lọ bá ìyá rẹ̀ nílùú òyìnbó. Ọ̀dọ̀ mi ló wà láti ìgbà tó ti ń rákòrò. Òfin ibẹ̀ ni pé ìwé gbọ́dọ̀ wọlé kó tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Tó bá ti pé e, ó parí nìyẹn.

Mo ti rò pé òfin ńláńlá nìkan ni lọ́yà ń kà. Àṣé ìṣirò ọmọ iléèwé ló ń ṣe jù: rò ó pọ̀, yọ ọ́ kúrò. Obìnrin ni, kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó fi bírò tọ kàlẹ́ńdà ara ògiri lọ.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa pé e. A ṣì lè dúró de lẹ́tà ibiṣẹ́ ìyá rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn."

"Ọjọ́ tí wọ́n bí i, mà."

"Rárá o, ọjọ́ ìkómọ. Ta ló ń lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ nígbà tí kò tíì ní orúkọ? Ọjọ́ ìkómọ yẹn tí ọkọ mi lọ gba ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀."

Bírò dúró. Ọmọ-ọmọ mi wò mí bí ẹni pé mo tà á. "Ìyá àgbà! Ẹ ò bá ti dákẹ́!"

"Ó dáa tí wọn ò dákẹ́," lọ́yà dá a lóhùn. "Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ wà nínú fáìlì yìí. Ọjọ́ tòótọ́ ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé wò lọ́hùn-ún á rí i." Ó yíjú sí mi. "Ọjọ́ kẹjọ, ẹ ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, àbí?"

"Ṣé wọ́n ń kà á lọ́nà míì ni?"

"Ẹ̀yin ka mẹ́jọ, èmi á yọ méje." Ó kà á padà sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń mì. "Ọ̀la ni."

Ó yọ wákàtí márùn-ún kúrò nínú aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ojúmọ́ kò tíì mọ́ lọ́hùn-ún, síbẹ̀ ó pe ìyá ọmọ náà jí. Wọ́n gbà pé kí ìwé máa lọ lórí ẹ̀rọ ayélujára, kí lẹ́tà tẹ̀ lé e. A jókòó tì í títí ọ̀sán fi yẹ̀, títí ó fi ní, "Ó ti wọlé."

Nígbà tí a dé Ifo, ọmọ náà mú róòbù, ó ń fi ra orúnkún mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ń yára. Mo ní kó rọra, kò sóhun tó ń lé wa mọ́.