Ìdájọ́ Òṣogbo ní Hwolshe

Òtútù Jos ń bẹ́ ètè ní àárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Òṣogbo, ìwé ìdájọ́ nìkan ló dì mọ́ àyà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun ní ọ̀dọ̀ ìyá ni kí ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, máa gbé. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ lọ mú un ní iléèwé, ó sì gbé e wá sí ilé àbúrò rẹ̀ ní Hwolshe, ní Jos níbí.

Òfin ni mò ń kà ní yunifásítì nígbà náà. Mo ti há ìwé òfin ilẹ̀ wa sórí débi pé mo rò pé bí mo bá ti kà á, gbogbo ilẹ̀kùn á ṣí. Láti ilé wa ní Kabong, mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo ka ibi tó ní ìdájọ́ ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ múlẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù. Ọ̀gá ọlọ́pàá tẹ́tí títí mo fi kà á tán. Ó fi Hausa kí mi kú iṣẹ́, ó ní, “Sannu da aiki, lọ́yà,” ó wá fi kún un pé adájọ́ Plateau nìkan ni òun mọ̀.

Agbẹjọ́rò àgbà kan, obìnrin Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Jos bíi tèmi, ló là wá lóye. Ó ní òótọ́ ni mo kà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ ìdájọ́ náà sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga ti ibí.

“Àlejò ni ìdájọ́ yìí,” ó ní. “Àlejò kì í wọlé kó má kí onílé.”

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà wá bí a ti ń dúró: bí bàbá ọmọ bá gbé e kọjá sí Bauchi tàbí Kaduna, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sí Hwolshe lójoojúmọ́. Ó ń jókòó ti ìyá kan tó ń ta kúnú mímu níwájú géètì ilé àbúrò ọkùnrin náà. Bí mọ́tò inú ọgbà bá ti dún, á dìde dúró.

Lọ́jọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga Plateau forúkọ ìdájọ́ náà sílẹ̀, tí àṣẹ rẹ̀ sì jáde, a bá mọ́tò náà lẹ́nu géètì, búùtù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹrù ti kún un. Akódà ilé ẹjọ́ fi àṣẹ hàn. Bàbá ọmọ ní kò sí ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ọ̀gá ọlọ́pàá ọjọ́sí ló tẹ̀ lé wa wá. Kò gbóhùn sókè rárá.

“Adájọ́ tí mo mọ̀ ti sọ̀rọ̀ báyìí,” ó ní. “Ẹ mú ọmọ wá.”

Ọkùnrin náà ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ àpò. Ó wá pe ọmọ. Ọmọ náà sáré jáde, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì bojú wẹ̀yìn.

“Màmá, ṣé Dádì náà ń bá wa lọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e pọ̀n.

Èmi náà ti di agbẹjọ́rò báyìí. Àwọn ènìyàn a máa bi mí bóyá ìdájọ́ ń kọjá ààlà ìpínlẹ̀, mo sì máa ń fi dá wọn lójú pé ó ń kọjá. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni n kò tíì rí ibi tí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sí.