Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Màmá Mi

Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún mọ́tò ṣe nílé wa ní Mamobi, ibi tó ní òrùlé ni mo ń wá, nítorí oòrùn Accra a máa mú irin gbóná débi pé sípánà kò ní ṣeé dì mú. Ẹ̀yìnkùlé fẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ó wá ku ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé tí bàbá mi fi páànù bò. Ibẹ̀ ni màmá mi máa ń jókòó sí láti àárọ̀.

Mo bi í. Ó ní, "Iṣẹ́ rẹ ni kí o wò, èmi á wà ní yàrá." Mo sì gbé àga rẹ̀ wọlé lóòótọ́! Mi ò mọ̀ bóyá orí mi pé lọ́jọ́ náà.

Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kì í kí i. Àwọn ọmọ ilé-kéwú á kúnlẹ̀, òun náà á béèrè àlàáfíà ìyá wọn. Ní báyìí, wọ́n á kàn ní "Ẹ kú iṣẹ́," wọ́n á sì máa lọ. Símẹ́ńtì ibẹ̀ ti mu epo dúdú yó. Kò sí ibi tó mọ́ tí mo lè gbé àga náà padà sí mọ́.

Lánàá, mo wà lábẹ́ tákísí kan nígbà tí ẹnì kan kí mi kọjá. Màmá pè mí láti yàrá: "Ta ni yẹn?"

Mo ní, "Màmá, ẹsẹ̀ nìkan ni mo rí."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ ta ni?"