Bàbá Pààrọ̀, Ẹni Tó Ń Fi Ojú Gbọ́ Gíà

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bàbá Pààrọ̀ mẹkáníìkì ládùúgbò, ọjọ́ tó fi ẹ̀yìn wakọ̀ délé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ àtijọ́ kan wá fún un, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ta irú ẹ̀ mọ́. Bàbá tú gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ mìíràn tó ti kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó kó ìfun rẹ̀ sínú ti àkọ́kọ́, ó dè é pa, ó ní kí ìyàwó òun wọlé kí àwọn dán an wò lọ́nà ilé. Ó ki í sí gíà kìíní, ọkọ̀ bá fò sẹ́yìn. Ó ki í sí ìkejì, ọkọ̀ tún fi ẹ̀yìn sáré sí i. Ó ti gbé gíà ńlá ìsàlẹ̀ tó ń yí táyà kọjú sí òdì! Gíà mẹ́rin tó yẹ kó máa lọ síwájú ló ń lọ sẹ́yìn, rìfáàsì nìkan ló wá ń lọ síwájú.

"Bàbá wọn, ẹ dúró! Ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀!"

"Sọ̀ kalẹ̀ lọ síbo? Ọ̀kan ló ń lọ síwájú, ó sì ń wọ́ bí aláìsàn. Mẹ́rin ló ń lọ sẹ́yìn. Èwo ló máa tètè gbé wa délé?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ẹ̀yìn la òpópónà kọjá, ìyàwó dì mọ́ àga, àwọn ènìyàn ń sá sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá sọ fún àwọn tó pé lé wọn lórí pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé kì í dán ọkọ̀ wò láìgbé ìyàwó rẹ̀ dání. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ọkọ̀ tí n kò lè fi gbé ìyàwó tèmi, ṣé ọmọ ọlọ́mọ ni kí n wá kó sínú ẹ̀?" Inú àwọn oníbàárà a dùn. Wọn ò mọ̀ pé etí Bàbá ti ń kú. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti jẹ ẹ́ tán, mẹkáníìkì tí kò sì gbọ́ ohùn gíà, kí ló fẹ́ tún ṣe? Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Obìnrin náà kò lè fi nǹkan pa mọ́: bí gíà bá ha ara wọn, ìpéǹpéjú rẹ̀ á gbéra, bí nǹkan bá ń ké nínú, á fa ètè mu.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan ló ń ba obìnrin náà lẹ́rù, títí kan ewúrẹ́ tó ń sọdá jẹ́jẹ́. Bàbá ti tú gíábọ́ọ̀sì tó dára palẹ̀ rí nítorí pé ìyàwó rántí ìkòkò tó gbàgbé sórí iná.

Obìnrin yìí kì í sùn dáadáa. Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ fún adití? Iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n ń jẹ, Bàbá kò sì mọ òmíràn.

Ohun tó ń bẹ̀rù dé lọ́jọ́ tí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ọkọ̀ oníjókòó méjì wá. Ó fẹ́ fi gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà orí òkè lọ́jọ́ kejì, ó sì ní àfi kí òun wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń dán an wò. Àga ìyàwó lọ nìyẹn. Ó bá lọ dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

Ọkọ̀ kọjá. Gíà kẹta ń ké burúkú. Bàbá wo ojú Tíṣà: ẹ̀rín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó sì mọ̀ pé gíà tó ń ké báyẹn lè já kúrò láyè rẹ̀ lórí òkè, pẹ̀lú ọmọdé nínú ọkọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, àṣírí ọkọ rẹ̀ tú. Bí wọ́n ṣe ń pa dà bọ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá wọn, gíà kẹta ń ké!"

Bàbá kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀. Ó pa ọkọ̀. "Tíṣà, ẹ má bínú. Etí mi ti lọ. Ojú ìyàwó mi ni mo fi ń gbọ́. Tiyín ni mo wò lónìí, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín."

Tíṣà na ọrùn. "Ẹ sọ ọ́ sókè! Ariwo àwọn ọmọ iléèwé ti di etí tèmi tipẹ́!"

Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì náà, wọ́n rí i pé òrùka idẹ tí Bàbá yọ lára ọkọ̀ mìíràn ni kò bá eyín gíà náà mu. Ó wá èyí tó bá a mu. Láti ìgbà náà, oníbàárà kankan kì í gba ọkọ̀ láìbéèrè pé, "Ṣé Ìyá ti jókòó nínú ẹ̀?"

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, kò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Dókítà dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní ó ti rẹ ọkàn Bàbá jù, kò sóhun tí àwọn lè ṣe mọ́. Bàbá kò tiẹ̀ wo dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ló yíjú sí. Obìnrin tí ewúrẹ́ ń já láyà kó gbogbo agbára tó ní jọ, ó tú ojú ká, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá wò ó títí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

"Ìyá ọmọ mi, o ò mọ irọ́ pa rárá." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n ó dùn ún wò. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Kò sì gbé ẹ̀rín náà kúrò lójú títí ọkọ rẹ̀ fi sùn lọ.